Ìbéèrè Yín: Iyùn Rírọ̀ Àkọ́kọ́ Nínú Tánkì Omi Iyọ̀

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó wọlé láti Abẹ́òkúta lóṣù yìí ló dá lórí iyùn òkun tó ń gbé nínú tánkì, pàápàá àwọn onírírọ̀ tí kò ní egungun òkúta. Ẹranko ni wọ́n, àwọn ewéko tíntìntín kan sì ń gbé inú ẹran ara wọn tí wọ́n ń fi iná ṣe oúnjẹ fún wọn. Wọ́n máa ń fara da ọwọ́ olùbẹ̀rẹ̀ ju àwọn olókùúta lọ. A gé àwọn lẹ́tà kan kúrú kí ààyè lè gba èsì.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Tánkì mi gba lítà 180, ó ti pé oṣù mẹ́rin. Ẹja clownfish méjì àti ìgbín mélòó kan ló wà nínú rẹ̀. Ṣé àkókò ti tó láti fi iyùn sí i? Èwo ni kí n kọ́kọ́ rà? (Òǹkàwé, Òkè-Ìléwó)

Oṣù mẹ́rin kò burú, ṣùgbọ́n oṣù nìkan kọ́ la fi ń mọ̀. Ẹ wọn omi yín lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀. Ammonia àti nitrite, májèlé tó ń tinú ìgbẹ́ ẹja wá, gbọ́dọ̀ jẹ́ 0. Nitrate àti phosphate ni oúnjẹ tó yọ́ sínú omi: nitrate 5 sí 15 ppm (ìdá nínú mílíọ̀nù kan), phosphate 0.03 sí 0.1 ppm. Alkalinity, agbára omi láti má di kíkan, 8 sí 10 dKH. Iyọ̀ 35 ppt (ìdá nínú ẹgbẹ̀rún kan), ìyẹn 1.026 lójú refractometer, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iyọ̀ omi. Ooru omi, dígírí 25 sí 27. Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá àkọsílẹ̀ ìgbà kìíní àti ti ìgbà kẹta jọra. Tánkì tí iyọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ 34 lójoojúmọ́ sàn fún iyùn ju èyí tó jẹ́ 35 lónìí, tó di 37 ní ọ̀túnla, tí wọ́n wá rọ́ omi sí lójijì kó lè padà sí 35. Ìlọsókè-sódò yìí ló ń pa iyùn àwọn olùbẹ̀rẹ̀ níbí, ju àìsàn èyíkéyìí lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó kù ń bi wá kò jìnnà sí i.

Refractometer fúnra rẹ̀ lè purọ́. Ẹ má fi omi lásán tún un ṣe. Ẹ ra omi ìdánwò 35 ppt tí wọ́n ń tà nínú ìgò kékeré, ẹ kán an sí ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ yí ìdè rẹ̀ títí ìlà yóò fi dúró lórí 35.

Àwọn kan gbọ́ pé nitrate àti phosphate gbọ́dọ̀ jẹ́ odo, wọ́n wá ń fi oríṣiríṣi oògùn fà á wálẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Omi tí kò ní oúnjẹ kankan máa ń mú kí iyùn rírọ̀ ṣá, ó sì ń fi àyè gba dinoflagellate, ìdọ̀tí aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń yọ̀, tí ìfófòó afẹ́fẹ́ ń so mọ́ lára. Ẹ má wulẹ̀ ra calcium inú ìgò náà. 400 sí 450 ppm ti tó, omi iyọ̀ tuntun tí ẹ ń fi pààrọ̀ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́sẹ̀ ló ń pèsè rẹ̀. Fún tánkì yín, lítà 18 nìyẹn.

Ní ti èyí tí ẹ ó kọ́kọ́ rà, Discosoma ni, méjì tàbí mẹ́ta. Ó pẹlẹbẹ, ó máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta, iná díẹ̀ ń tó o, kò sì bínú sí omi tó dọ̀tí díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ tó ra Sarcophyton tàbí Sinularia kan ṣoṣo. Àwọn wọ̀nyí máa ń ga, ẹ fún wọn ní àyè tó tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí aládùúgbò wọn.

Xenia tó ń pa ọwọ́ dé tó ń ṣí i àti èyí aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní GSP wu gbogbo ojú nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì rọrùn láti tọ́jú. Ìrọ̀rùn yẹn gan-an ni ìṣòro wọn. Bí ẹ bá lẹ̀ wọ́n mọ́ òkúta àárín tánkì, láàárín ọdún kan, wọn yóò ti gba gbogbo rẹ̀, ẹ kò sì ní lè họ wọ́n kúrò tán. Òkúta tiwọn lọ́tọ̀ ni kí ẹ fún wọn, kí iyẹ̀pẹ̀ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10 yí i ká, tàbí kí ẹ má rà wọ́n rárá. Àwa ò bá fi Xenia sílẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́.

Ṣé mo lè lo omi bohóòlù ilé mi? Àbúrò mi tó wà ní Badagry sì ní òun lè bá mi bu omi òkun nínú kẹ́ẹ̀gì. (Bàbá Tóbi, Ọbántókò)

Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò yín, ṣùgbọ́n kí kẹ́ẹ̀gì náà dúró sílé. Omi etí òkun wa kì í ṣe omi òkun gidi. Ọ̀sà Èkó ń tú sí i, Odò Ògùn tó gba àárín Abẹ́òkúta kọjá sì ń tú sínú ọ̀sà náà, pẹ̀lú ohun gbogbo tí ìlú jù sí i. Nígbà òjò, iyọ̀ rẹ̀ máa ń já gan-an, ẹrẹ̀ yóò sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ìdí kan nìyẹn tí òkìtì iyùn kò fi sí ní etíkun Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí à ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀nà Indonesia àti àwọn òkun ibẹ̀ ni wọ́n ti wá.

Ní ti bohóòlù, orí àpáta ni Abẹ́òkúta jókòó sí. Omi tó ń gba inú ẹ̀là àpáta kọjá máa ń kó silica, èròjà inú iyanrìn, dání, nígbà mìíràn irin pẹ̀lú. Ó lè dára fún mímu lóòótọ́. Nínú tánkì, silica ni diatom ń jẹ, ìyẹn ìdọ̀tí aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń bo gíláàsì àti iyẹ̀pẹ̀, tí ẹ bá nù ún láàárọ̀ tó tún ti padà ní ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá ń fi omi bohóòlù bu kún èyí tó gbẹ lójoojúmọ́, ṣe ni silica yìí yóò máa pọ̀ sí i, nítorí omi nìkan ló ń gbẹ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ń dúró. Bàbà tún burú jù ú lọ. Ẹ̀rọ omi aláwọ̀ wúrà tàbí páìpù bàbà lè kó o sínú omi, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ti tó láti pa ìgbín, edé àti iyùn.

Omi RO/DI, èyí tí fílítà ti yọ ohun tó yọ́ sínú rẹ̀ kúrò, ni kí ẹ lò, kí TDS rẹ̀ (ìwọ̀n ohun tó yọ́ sínú omi) jẹ́ 0. Ẹ fetí sí ibi tí àwọn èèyàn ti ń ná owó dànù: fílítà RO nílò agbára omi tó tó 50 sí 60 psi. Tánkì tí ẹ gbé sórí irin gíga mítà 3 kò lè fún un ju nǹkan bíi 4 psi lọ. Ẹ ó so ó, omi yóò máa kán tó-tó-tó, ẹ ó sì rò pé wọ́n ta ayédèrú fún yín. Ẹ ra pọ́ọ̀ǹpù tó ń ti omi síwájú fílítà, wọ́n sábà máa ń tà á pẹ̀lú rẹ̀. Bí TDS bá ti kọjá 0, rẹ́síìnì DI ló ti tán. Òun ni kí ẹ pààrọ̀, kì í ṣe gbogbo fílítà.

Omi inú ọ̀rá tí a ń rà lójú pópó kọ́ ni èyí, ẹ jọ̀ọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ omi bohóòlù tí wọ́n sẹ́ tí wọ́n sì pa kòkòrò inú rẹ̀. Ohun tó yọ́ sínú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ TDS wọ̀n ọ́n, ẹ ó rí i.

Láti po omi iyọ̀: lítà 20 omi RO/DI sínú gorodómù tuntun tí ọṣẹ tàbí aró kò kàn rí, pọ́ọ̀ǹpù kékeré nínú rẹ̀, kí ẹ tó máa da nǹkan bíi gíráàmù 750 iyọ̀ tánkì sí i díẹ̀díẹ̀. Omi ni ẹ kọ́kọ́ ń dà, iyọ̀ ló ń tẹ̀lé e. Bí ẹ bá da omi lé iyọ̀ lórí, calcium inú rẹ̀ yóò dì di ìyẹ̀fun funfun sí ìsàlẹ̀, kò sì ní yọ́ mọ́. Ẹ jẹ́ kó máa yí di ọjọ́ kejì, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ tún un ṣe.

Bí NEPA bá mú iná lọ fún wákàtí 10, èwo ni yóò kọ́kọ́ pa iyùn mi, òkùnkùn ni àbí ooru? (Ìyá Àdùkẹ́, Àdìgbẹ́)

Ìyá wa, èyí tí ẹ kò dárúkọ ló yára jù: omi tí kò mì. Iyùn rírọ̀ lè wà nínú òkùnkùn fún ọjọ́ kan tàbí méjì kó má ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ojú omi bá dúró gbagidi, afẹ́fẹ́ kì í wọlé tó, ẹja àti bakitéríà inú òkúta kò sì dákẹ́ mímí. Omi gbígbóná kì í gba afẹ́fẹ́ sára tó omi tútù, nítorí náà wákàtí 10 nínú oṣù Ẹrẹ́nà léwu ju wákàtí 10 nínú oṣù Ògún lọ.

Bí owó bá mọ níwọ̀n, pọ́ọ̀ǹpù tó ń mi omi ni kí ẹ so mọ́ inverter, ẹ fi iná LED sílẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ nìyí. Bátìrì 12 volt, 100 Ah, jẹ́ 1,200 watt-hour. Bátìrì olómi, a kì í fà á kọjá ìdajì kó má bàa bàjẹ́, ó ku 600. Pọ́ọ̀ǹpù ń jẹ watt 10, inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ nǹkan bíi 10, àpapọ̀ 20. Wákàtí 30 nìyẹn lórí ìwé. Ẹ fọkàn sí 25. Bí tẹlifíṣọ̀n àti fáànù pálọ̀ bá wà lórí bátìrì kan náà, ẹ má ṣírò mọ́. Ẹni tí kò ní inverter lè ra pọ́ọ̀ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì tó ń tan ara rẹ̀ nígbà tí iná bá lọ. Jẹnẹrétọ̀ sì ńkọ́? Kó jìnnà sí fèrèsé, torí pọ́ọ̀ǹpù afẹ́fẹ́ yóò fa èéfín rẹ̀ sínú omi, yàtọ̀ sí ohun tí èéfín náà lè ṣe fún ẹ̀yin náà.

Ooru ló kàn. Dígírí 28, iyùn rírọ̀ fara dà á. Bó bá lé ní 30 fún ọjọ́ mélòó kan, ewéko inú ẹran ara rẹ̀ yóò máa jáde, yóò sì funfun. Láti oṣù Èrèlé sí Igbe, ẹ ṣí ìdérí gíláàsì kúrò kí ẹ fi àwọ̀n bò ó kí ẹja má bàa fò jáde, ẹ jẹ́ kí fáànù kékeré máa fẹ́ gba ojú omi kọjá. Ó lè fa ooru wálẹ̀ ní dígírí 2 sí 3, ṣùgbọ́n nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tutù fún òjò, kì í ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ sún àkókò iná LED sí aago 3 ọ̀sán títí di 11 alẹ́, kí ooru iná má bàa pàdé ooru oòrùn. Ìgò omi lítà 1.5 tó ti di yìnyín wúlò, ẹ má kàn gbójú lé e jù: nínú lítà 180, ìgò kan kò lè yọ ju nǹkan bíi dígírí 1 lọ. Ẹ fi ọ̀kan sí i, ẹ wo tẹmọ́mítà, kí ẹ tó fi èkejì sí i.

Fáànù yìí tún ní gbèsè tirẹ̀. Ó lè fa lítà 3 sí 5 nínú tánkì yín lóòjọ́, ọyẹ́ nìkan náà sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Lítà 9 tó bá gbẹ nínú 180 ti sọ 35 ppt di nǹkan bíi 36.8. Omi RO/DI lásán ni kí ẹ fi dí i, láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Omi iyọ̀ kọ́ o. Ẹ lẹ tépù mọ́ ara gíláàsì níbi tí omi yẹ kó dé, kí ẹni tó bá wà nílé lè bá yín bu ú bí ẹ kò bá sí.

Mo fẹ́ ra iyùn ní Èkó, kí n sì gbé e wá nínú ọkọ̀ ojú irin. Láti ibùdókọ̀ Láderin dé inú tánkì, kí ni kí n ṣe? Iná LED mi sì lágbára gan-an. (Akẹ́kọ̀ọ́, Camp)

Ìrìn-àjò ni kí a kọ́kọ́ mú. Kí oníṣọ́ọ̀bù fi ìkọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀, onílọ̀ọ́po méjì, omi ìdá kan, afẹ́fẹ́ ìdá méjì. Àwọn Sarcophyton àti Sinularia máa ń tú májèlé sí omi láti lé aládùúgbò. Bí wọ́n bá jọ wà nínú ọ̀rá kan pẹ̀lú òmíràn, èyí tí kò lágbára yóò dé Láderin ní òkú. Ẹ kó àwọn ọ̀rá sínú kúlà, ẹ di ìdérí, ẹ má fi yìnyín kàn wọ́n. Bí ẹ bá tún ra iyùn olókùúta pẹ̀lú, ẹ bèèrè ìwé rẹ̀. Àwọn yẹn wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó lè run, Nàìjíríà sì wà nínú àdéhùn náà.

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ pa iná tánkì. Ẹ gbé ọ̀rá náà léfòó lójú omi fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 láì tú u, kí ooru wọn lè dọ́gba. Ẹ wá tú u, kí ẹ wọn iyọ̀ rẹ̀. Bí ìyàtọ̀ kò bá ju 1 ppt lọ, ẹ lè fo ìgbésẹ̀ tó kàn. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ da iyùn àti omi rẹ̀ sínú abọ́ mímọ́, ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa omi tánkì wá, kí ẹ ta kókó sí rọ́bà náà kí omi máa kán bíi ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nígbà tí omi abọ́ bá ti pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta, ó tó. Ìṣẹ́jú 30 sí 45 ni. Ẹ má jẹ́ kó pé wákàtí méjì bí àwọn kan ṣe ń ṣe, omi inú abọ́ kékeré máa ń gbóná kíákíá nínú yàrá wa.

Ìwẹ̀ ló kàn, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò. Ẹ bu omi tánkì sínú abọ́ kejì, ẹ po oògùn ìwẹ̀ iyùn sí i ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò. Ẹ ri iyùn bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, kí ẹ fi síríńjì aláìlábẹ́rẹ́ máa fẹ́ omi sí i lára láti gbogbo ẹ̀gbẹ́. Fún Xenia, kí ìṣẹ́jú kúrú, kò fẹ́ràn oògùn. Ẹ wá gbé abọ́ náà sábẹ́ iná, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Ẹ lè rí kòkòrò pẹlẹbẹ tó ń rá. Ẹ lè rí ìgbín kékeré tí kò ní ìkarahun, tí kò ju mílímítà mélòó kan lọ, tí àwọn ìwo ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ Zoanthus (irú iyùn rírọ̀ kan) tó ń jẹ gan-an. Lórí Zoanthus náà, ẹ kò lè rí i bí ẹ tilẹ̀ ń wò ó, àfi nígbà tó bá já sílẹ̀ nínú abọ́ funfun. Oògùn kì í pa ẹyin wọn. Bí ẹ bá rí ẹyin tó wé róbótó lábẹ́ iyùn, ẹ fi abẹ họ ọ́ kúrò, kí ẹ tún wẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹ bá lè ṣẹ́ iyùn náà kúrò lórí ike tí wọ́n gbìn ín sí, ẹ ju ike náà nù, ibẹ̀ ni Aiptasia, ẹranko òkun kékeré tó ń ta iyùn lára, sábà máa ń fara pa mọ́ sí.

Ẹ fi omi tánkì mìíràn ṣan án, ẹ sì gbé e wọlé. Omi ọ̀rá àti omi àwọn abọ́ yìí, inú sínkì ni wọ́n ń lọ, kí ẹ̀kán wọn má kan tánkì.

Lílẹ̀ rẹ̀: gúlù tó ki, èyí tó rí bíi jẹ́lì, tí cyanoacrylate wà nínú rẹ̀. Ẹ nu ìdí òkúta kékeré tí iyùn wà lórí rẹ̀ gbẹ, ẹ fi gúlù tó tó ẹyọ ẹ̀wà kan sí i, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta inú omi fún nǹkan bíi ìṣẹ́jú-àáyá 20. Òkúta ni ẹ ń lẹ̀, kì í ṣe ẹran ara rẹ̀. Ẹran ara yóò yọ̀, gúlù yóò sì ṣí.

Iná alágbára yẹn, ẹ fà á sílẹ̀ sí ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún, wákàtí 8 lóòjọ́, kí ẹ máa fi ìdá 5 kún un lọ́sẹ̀. Discosoma fẹ́ PAR (ìwọ̀n iná tí ewéko inú iyùn lè lò) 50 sí 100, Sarcophyton 100 sí 150. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ PAR, kó wo iyùn: èyí tó sún kì, tó pa ara pọ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ ń ṣá, iná ti pọ̀ jù, èyí tó na ọrùn gùn sókè ń wá iná. Ìṣàn omi kò gbọ́dọ̀ dojú kọ ọ́ tààrà. Ẹ kọjú pọ́ọ̀ǹpù sí gíláàsì tàbí sí ojú omi, kó lè máa mì síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Sarcophyton mi ti pa gbogbo ọwọ́ rẹ̀ dé fún ọjọ́ márùn-ún, ara rẹ̀ ń dán bí ohun tí wọ́n fi àbẹ́là kùn. Ṣé ó ti ń kú ni? (Òǹkàwé, Ìbàrà)

Awọ ló ń bó. Bó ṣe ń fọ ìdọ̀tí àti ewéko tó so mọ́ ọn kúrò nìyẹn, ó sì lè gba ọjọ́ 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má gbé e kúrò níbi tó wà, ẹ má fọwọ́ bó o. Ẹ kàn mú kí ìṣàn omi lágbára sí i díẹ̀ níbẹ̀ kí awọ náà lè ṣí. Ní àkókò yìí ó ń tú májèlé ju tàtẹ̀yìnwá lọ, nítorí náà ẹ fi carbon fílítà tuntun sí i, nǹkan bíi gíráàmù 100 fún lítà 180, kí ẹ ṣan eruku rẹ̀ kúrò kí ó tó wọlé. Èédú ìdáná kò lè dípò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀.

Òórùn ni ẹ ó fi mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ti yí padà. Bí ibì kan bá di rẹ̀rẹ̀, tó pọ́n bí ilẹ̀, tó sì ń rùn, ẹ fi abẹ tuntun gé e kúrò títí dé ibi tí ara rẹ̀ ti le. Èyí tó kù yóò wú padà.

Discosoma mi kì í dúró. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá lẹ̀ ẹ́, yóò ti já lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. (Òǹkàwé, Aṣero)

Gúlù kì í mú un. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sínú ife ṣíṣí, ẹ fi Discosoma lé e, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu ife kí ẹ sì fi rọ́bà dì í, kí ẹ gbé e síbi tí iná àti ìṣàn kò pọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì yóò ti lẹ̀ mọ́ òkúta wẹ́wẹ́ kan. Òkúta yẹn ni ẹ ó wá lẹ̀ mọ́ ibi tó wù yín. Nẹ́ẹ̀tì funfun tí àwọn aránṣọ fi ń ṣe ìbòjú ìyàwó dára. Ẹ má gé àwọ̀n ẹ̀fọn ìjọba: oògùn apakòkòrò wà lára rẹ̀, yóò pa edé àti ẹja yín.

Òkúta ẹfun ti Ewékorò ń bẹ nítòsí wa. Ṣé mo lè fi í ṣe òkúta tánkì dípò èyí tó wọ́n yẹn? (Òǹkàwé, Lafẹ́nwá)

Inú òkun àtijọ́ ni òkúta Ewékorò ti wá lóòótọ́, calcium carbonate sì ni. Kì í ṣe èyíkéyìí tí ẹ bá rí lẹ́bàá ọ̀nà ni kí ẹ kó. Ẹ wá èyí tó ní ihò wẹ́wẹ́ kiri, nítorí inú ihò ni bakitéríà tó ń jẹ ammonia ń gbé. Èyí tó ki gbagidi ń gba àyè lásán ni. Ẹ yẹra fún èyí tó ní ìlà pupa tàbí ewé. Ẹ fọ amọ̀ rẹ̀ kúrò, ẹ rì í sínú omi iyọ̀ nínú gorodómù pẹ̀lú pọ́ọ̀ǹpù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ sì wọn phosphate. Bó bá kọjá 0.1, ẹ da omi náà nù, ẹ tún un rì. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ fi í tún ọgbà ṣe. Ti akọ òkúta, irú ti Olúmọ, kò ní ihò rárá. Kò léwu púpọ̀, kò sì wúlò.

Ọmọ méjì ló wà nílé mi, wọ́n ní Zoanthus ní májèlé. Ṣé òótọ́ ni? (Ìyá Ìbejì, Ìdí-Àbà)

Òótọ́ ni, ẹ má sì fojú kékeré wò ó. Àwọn Zoanthus kan, pàápàá àwọn ìbátan wọn tí wọ́n ń pè ní Palythoa, ní palytoxin, ó sì wà lára àwọn májèlé tó lágbára jù lọ tí a mọ̀ nínú òkun. Wíwà rẹ̀ nínú tánkì kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ìgbà tí a bá gé e, tí a bá họ ọ́, tàbí tí a bá se òkúta tó wà lórí rẹ̀ ni ewu ń wá, torí májèlé náà lè bá èéfín omi wọ imú gbogbo ilé. Lọ́dún 2018, ní Steventon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, odindi ìdílé kan dèrò ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí wọ́n gbé irú iyùn bẹ́ẹ̀ jáde nígbà tí wọ́n ń fọ tánkì.

Nítorí náà: ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti gíláàsì ìdáàbòbò ojú, nígbàkígbà. Ẹni tó bá ní egbò lọ́wọ́, kó má fọwọ́ kàn án. Ẹ má fi omi gbígbóná fọ òkúta, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ họ ọ́. Abọ́ ìwẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ padà sí ilé ìdáná. Bí ẹnu ẹnikẹ́ni bá korò bí irin lẹ́yìn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tí ibà, ikọ́, ìrora ẹran ara tàbí àìlèmí dáadáa tẹ̀lé e, ẹ kó gbogbo ilé jáde síta, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. FMC kò jìnnà sí yín. Ẹ dárúkọ palytoxin fún dókítà, torí òun lè máa ro ibà ẹ̀fọn. Pẹ̀lú ọmọ kéékèèké nílé, àwa yóò fi Discosoma àti Sarcophyton ṣe tiwa, kò sí ohun tí a fẹ́ fi Zoanthus ṣe.

Kí ni mo lè máa fún iyùn jẹ? (Òǹkàwé, Kútọ̀)

Kò sí. Iná àti ohun tí ẹja bá ṣẹ́kù ti tó Discosoma àti Sarcophyton. Oúnjẹ olómi inú ìgò yóò kàn sọ omi yín di ọbẹ̀.

A máa ń fín oògùn ẹ̀fọn ní yàrá tí tánkì wà ní alaalẹ́. Ṣé ìyẹn lè dà á láàmú? (Òǹkàwé, Ṣàpọ̀n)

Ó lè pa gbogbo edé àti alákàn inú rẹ̀ lóru ọjọ́ kan, ẹja pẹ̀lú bó bá pọ̀. Pọ́ọ̀ǹpù afẹ́fẹ́ ló ń fà á wọlé. Nẹ́ẹ̀tì fèrèsé ni kí ẹ lò ní yàrá yẹn. Bó bá di dandan kí ẹ fín in, ẹ pa pọ́ọ̀ǹpù afẹ́fẹ́ àti fáànù tánkì, ẹ fi aṣọ ọ̀rinrin bo òkè rẹ̀ pátápátá, kí pọ́ọ̀ǹpù abẹ́ omi nìkan máa ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ ṣí fèrèsé títí òórùn yóò fi tán, kí ẹ tó ká aṣọ náà. Ẹni tó fi ọwọ́ mú agolo náà, kó fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, kó sì fi omi ṣan ọṣẹ rẹ̀ kúrò tán, kó tó ki ọwọ́ bọ omi tánkì.